Bàbá Tó Ń Béèrè Ẹnì Kejì

Bí ìbò ààrẹ bá ti ń sún mọ́lé, tí gbogbo Ibafo ń pariwo orúkọ ọ̀gá kan tàbí òmíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá àgbà mi máa ń bi ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kì í béèrè ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe, kì í sì í béèrè ẹni tí yóò dìbò fún. Yóò gbójú sókè kúrò lára dígí tó ń gé, yóò ní, "Ẹnì kejì ńkọ́?" Ẹni tó bá mọ orúkọ igbákejì yóò rí àga jókòó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Bàbá á ní kó lọ wádìí rẹ̀ wá ná, nítorí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbé dání.

Ó ti wọ káà ilẹ̀ sùn báyìí, Ráímì Àkànbí, ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí a pín níbi fídáù rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, ilé kéú tó lọ, ìrìn àjò rẹ̀ sí Mẹ́kà, àwọn ọmọ tó fi sáyé. N kò fẹ́ tún ìyẹn kọ. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni mo ń wá, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí àkọ́bí rẹ̀, tí èmi náà sì ti di ẹni tí àwọn ọmọ-ọmọ ń kúnlẹ̀ kí. Kí ló dé tí ọkùnrin tí kò wá ipò rí láyé rẹ̀ fi ń tọ ipasẹ̀ àwọn igbákejì kiri bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran?

Iṣẹ́ fírémù ló ṣe jẹun. Ifo ló ti kọ́ ọ, lẹ́bàá ojú irin, kó tó kó wá sí Ibafo tí í ṣe ìdílé ìyá rẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán ẹni tó ti Mẹ́kà dé, àwòrán òbí tó ti kú tí ọmọ fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àsìkò ìpolongo ìbò bá dé, àwọn olóṣèlú á kó pósítà wá kí ó fi dígí bò ó fún ọ́fíìsì wọn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, Bàbá á mú àlùmọ́gàjí, á gé ọ̀gá kúrò, á fi igi tó dára jù lọ ṣe fírémù fún igbákejì nìkan, á sì gbé e kọ́. Igbákejì ẹni tó wọlé àti igbákejì ẹni tó fìdí rẹmi, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀bù náà kún dé ẹnu ilẹ̀kùn fún àwọn ojú tí púpọ̀ nínú ará àdúgbò kò lè dárúkọ.

Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa wọlé lọ́jọ́ kan, ó wo ògiri yíká, inú bí i. Ó ní ọ̀gá àwọn dà, ta ló ní kí Bàbá gé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbákejì rẹ̀? Bàbá kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ọ̀gá yín wà lára gbogbo òpó iná láti ibí dé Ṣágámù. Èyí tí mo mú wọlé ni kò ní ibi tí yóò forí pamọ́ sí."

Ọmọbìnrin mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, tó ń gbé ní Arepo, rò pé eré lásán ni. Ó wá kí i ní ọjọ́ Iléyá kan, ó sì mú fóònù jáde láti dán an wò. Ó dárúkọ olùdíje kan, Bàbá sọ igbákejì rẹ̀. Ó dárúkọ òmíràn, Bàbá sọ ọ́. Nígbà tó yá, Bàbá ní òun náà fẹ́ béèrè: nínú ìbò àkọ́kọ́ tí a fi yan ààrẹ ní ilẹ̀ yìí, ta ni igbákejì ẹni tó gbé ipò ìkẹyìn? Mọ́rẹ́nikẹ́ tẹ fóònù títí, ó tún un tẹ̀, ó jáde lọ sí àgbàlá kí nẹ́tíwọ̀kì lè lágbára sí i. Ìgbà tó padà wọlé, Bàbá ti sọ orúkọ náà fún mi, orúkọ náà gan-an ló sì gbé bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà á o, fóònù mi ò lè bá yín ṣe é." Bàbá dá a lóhùn pé, "Fóònù rẹ ń rántí ẹni tí wọ́n bá béèrè. Èmi ń rántí ẹni tí wọn ò béèrè."

Síbẹ̀, kì í ṣe olólùfẹ́ òṣèlú. N kò rí i ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́ kankan rí. Ohun tó ń fà á lọ́kàn mọ́ra ni bí wọ́n ṣe ń so ènìyàn méjì pọ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ń ba orílẹ̀-èdè lẹ́rù, kí a wo ẹni tí wọ́n fi kún ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ti Òkè Ọya wá, wọ́n á wá igbákejì sí gúúsù. Bí ọ̀kan bá ń kírun, wọ́n á wá èyí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kan wà tí ẹgbẹ́ kan fi Mùsùlùmí méjì síwájú, tí ọmọ ìjọ àti ọmọ mọ́ṣáláṣí sì jọ tò lórí ìlà kan náà dìbò fún wọn, kí ìjọba ológun tó fagi lé ìbò náà. Kì í sú Bàbá láti sọ nípa rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé òun náà ń kírun. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ẹ̀rù tó ti ń ba gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́ sá lọ fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ tún dé láìpẹ́ yìí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ará mọ́ṣáláṣí fa ọ̀rọ̀ náà títí lórí àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohùn ń ròkè. Bàbá gbọ́ tiwọn tán, ó ní, "Ẹ̀rù yẹn ti padà dé. Ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó lọ lọ́jọ́sí."

Mo ti gbọ́njú dáadáa nígbà tí àwọn ológun lé ààrẹ àkọ́kọ́ tí ìlú fi ìbò yàn kúrò. Ìròyìn kàn dé Ifo, níbi tí a ṣì ń gbé nígbà náà, pé inú ilé ni wọ́n há ọ̀gá mọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n gbé igbákejì lọ. Bàbá kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bi àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ní ìbéèrè kan náà: "Kí ni ẹnì kejì ṣe tí ọ̀gá kò ṣe?" Títí di ọdún tó kú ló ṣì ń béèrè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni, nígbà tí ààrẹ kan papò dà lórí oyè tí igbákejì rẹ̀ gun orí àga, àwọn oníbàárà ní orí ọkùnrin náà dára, ẹni tó jí tó di ọba láìjà láìta. Bàbá fi ọwọ́ dá wọn dúró. "Ẹ má pe òkú ẹlòmíràn ní oríire."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni mò ń yìn. Ẹnu Bàbá mú. Bí oníbàárà bá gbé àwòrán tó wọ́ wá, á ní ṣé orí rẹ̀ ló sùn lé. Ó sì ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, Alájì Gàníyù, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n sì jọ ń jà bí orogún. Ní ààwẹ̀ ọdún kan, wọ́n jiyàn lórí igbákejì olùdíje ayé àtijọ́ kan: Alájì ní lọ́yà ni, Bàbá ní olùkọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ ń ṣínu lórí ẹní kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń gba iṣẹ́ jẹ́ láàárín wọn, tó fi mọ́ "sọ fún un kó na omi sí mi." Ó ku ọjọ́ bí mélòó kan kí ìtúnu dé, Alájì ti àwo dàbínù síwájú Bàbá, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Olùkọ́ ni." Bàbá mú dàbínù kan. "Mo mọ̀ pé ó máa dé etí rẹ lọ́jọ́ kan."

Ó pẹ́ kí n tó rí ojútùú ìwádìí mi, bí ó bá jẹ́ pé mo ti rí i. Ṣáájú ìbò àìpẹ́ yìí, gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ ká àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan mọ́, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí igbákejì. Ni wọ́n bá fi orúkọ ẹnìkan dí àyè, títí ẹni gidi yóò fi dé. Gbogbo ìlú fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Mo kà á fún Bàbá nínú ìwé ìròyìn, Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ẹni tó dí àyè dìde nígbà tí àkókò tó. Mo ní ó dìde. Ó ní, "Wá àwòrán irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún mi, Múfú. Òun ló yẹ ní gbígbé kọ́."

Èmi mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí òun náà dí àyè.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ni, ní ọdún mélòó kan ṣáájú. Ìhà méjì ni àdúgbò náà ní: àwa ọmọ bíbí ìlú ní ìhà kan, àwọn tó ti Èkó wá ra ilẹ̀ kọ́lé ní ìhà kejì. Òfin ẹgbẹ́ ní kí ẹni tó bá ń du alága kọ orúkọ igbákejì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan náà. Kò sí nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ̀ pé bí alága bá jẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ará Èkó ni yóò ṣe igbákejì. Alájì Gàníyù jáde fún alága. Àwọn ará Èkó kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí wọn ó fi ṣe igbákejì rẹ̀, ọjọ́ sì ti pé. Alájì wá bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣojú wọn méjì, ó ní kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ná. Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó kọjú sí àwọn aṣojú náà, ó ní, "Àga yín ni mo bá yín dì mú. Ọjọ́ tí ẹ bá mú ẹni yín dé, màá dìde."

Ọmọ Alájì kò dúró gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ó sáré lọ tẹ kàlẹ́ńdà: bàbá rẹ̀ lápá ọ̀tún, Bàbá lápá òsì, fìlà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹ sì mọ̀ wá ní àdúgbò wa. Kàlẹ́ńdà kì í kúrò lára ògiri nítorí pé ọdún parí. A máa ń gbé e kọ́ títí àwòrán rẹ̀ yóò fi ṣá. Bí wọ́n ṣe ń pín in tán ni àwọn ènìyàn wa ń gbé e padà wá fún Bàbá kí ó fi dígí àti igi sí i, Bàbá náà sì ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe, kò sì fi pamọ́ fún mi. Ó yẹ kó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná. Ó ní, "Inú mi dùn sí ojú ara mi, Múfú. N kò rò pé yóò dùn tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn ará Èkó mú ẹni wọn dé. Obìnrin ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àgbà nínú ìjọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n òfin ní orúkọ tó bá ti wọ fọ́ọ̀mù, ẹni tó ni ín nìkan ló lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Alájì fúnra rẹ̀ ti yí ọkàn padà. Ó ní, "Àkànbí, ojú rẹ ti wà nínú gbogbo ilé. Jókòó jẹ́ẹ́."

Àbúrò bàbá mi, Wàídì, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Wẹ́dà ni. Iná tó ń dé ìhà wa kò lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló fi ń jó irin, epo sì ń mu èrè rẹ̀ tán. Ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣèlérí tiransifọ́mà kan fún àdúgbò, alága àti igbákejì ni yóò fi ibi tí wọn ó gbé e sí hàn. Alájì kì í lè sọ pé rárá sí ẹnikẹ́ni. Ibi tí igbákejì bá nawọ́ sí ni tiransifọ́mà yóò lọ. Wàídì wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ó ní òun kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ rí, àfi èyí: kó má yọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kò búra fún wọn, Bàbá. Ẹnu lásán lẹ fi sọ ọ́."

Bàbá ní, "Ẹnu lásán náà ni mo fi sọ ìwọ lórúkọ."

Ó buwọ́ lùwé lọ́jọ́ kejì, ó yọ ara rẹ̀. Àwọn ará Èkó dúpẹ́, wọ́n ní ó ti tó, àwọn á tẹ kàlẹ́ńdà mìíràn. Bàbá ní kò tíì tó. Ó ní ẹni tí ojú òun bá wà lára ògiri rẹ̀, òun ni onítọ̀hún yóò rò pé òun ń dìbò fún. Ó gba àwòrán Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n ojú tirẹ̀ gan-an, ó di ẹ̀mú, òòlù, ìṣó àti gọ́ọ̀mù sínú àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé dé ilé. Èmi olùkọ́ ilé ìwé, tí irun mi ti ń funfun, ni mò ń bá a gbé dígí. Á já fírémù náà, á yọ dígí, á lẹ obìnrin náà mọ́ orí ojú ara rẹ̀, á tún un kàn, á gbé e padà sí ibi tó wà, á sì sún sẹ́yìn wò ó bóyá ó gún.

Ní ilé Ìyá Súárá, tó ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí, ìyá náà di fírémù rẹ̀ mọ́ àyà.

"Àkànbí, obìnrin yìí ò kí mi rí."

"Á kí yín, ìyá."

"Ìwọ ńkọ́? Níbo ni wàá gbé ara ẹ sí?"

"Màá gbé e lọ sílé."

Ìyá náà wò ó títí, ó fi fírémù sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tìrẹ ló rẹwà jù."

Ilé Wàídì ló kẹ́yìn. A ti kí ìrun Ásárì kí a tó dé ibẹ̀. Ó ti gbọ́ pé a ń bọ̀. Bó ṣe rí wa báyìí, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, àyà rẹ̀ wà lórí ìloro, ó sì dí ilẹ̀kùn pátápátá. Ìkíni ni, ìdènà ni. A kì í dá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kọjá nílẹ̀ wa, pàápàá ọmọ ẹni, wọ́n ní ire onítọ̀hún ni ènìyàn fẹsẹ̀ dá kọjá.

"Dìde, Wàídì."

"Mò ń kí yín lọ́wọ́, Bàbá."

"Mo ti gbọ́ kíkí rẹ."

"N kò tíì kí yín tán."

Mo rọra sọ fún Bàbá pé ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀, pé mo lè gba ibẹ̀ wọlé lọ mú fírémù náà. Ó mi orí. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó ká agbádá rẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ní ibi tí orí ọmọ rẹ̀ wà. Ìyàwó Wàídì gbé omi wá, kò sí ẹni tó mu ún. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, Bàbá ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Òòrùn ti ń rọ̀ kí Wàídì tó tún sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nínú eruku.

"Ẹyọ kan péré ló kù. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi àti ìwọ," ni Bàbá wí. "A ti pọ̀ jù."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgárííbì nígbà tí Wàídì dìde fúnra rẹ̀. Ó gbọn àyà, ó wọlé, ó gbé fírémù náà jáde, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàbá fi ìmọ́lẹ̀ tó kù pààrọ̀ ojú náà.

Alájì wọlé nínú ìbò náà. Kò pẹ́ lórí àga tí àìsàn fi dá a gúnlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí òkè òkun, Ìyá Nọ́ọ̀sì sì di alága, ipò tí ì bá jẹ́ ti Bàbá. Ìhà àwọn ará Èkó ló ní kí wọ́n gbé tiransifọ́mà náà sí, lẹ́bàá ilé ìwé. Àwọn kan ní ó tọ́, àwọn kan ní kò tọ́. Èmi kò lè dá a lẹ́jọ́. Wàídì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Mowe. Fún ọdún mélòó kan, á wá ní ọjọ́ Iléyá, á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, á sì padà láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Mọ̀lẹ́bí ní Bàbá mú oúnjẹ ẹnu ọmọ rẹ̀ fún àlejò. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Mo kábàámọ̀ pé Wàídì ò jẹun nílé mi. N kò kábàámọ̀ ohun tó fà á."

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, Wàídì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe é. Òun ló ń wẹ bàbá rẹ̀, òun ló ń po ẹ̀kọ fún un, tó sì ń mu èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ife náà. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà láàárín ara wọn.

Lẹ́yìn fídáù, mo lọ bá a ní Mowe. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà: kí ló gbé e dìde lórí ìloro nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó pa ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Mo ti múra sílẹ̀ dè é, kó bínú, kó ṣépè, kó gba ẹ̀yìnkùlé. Òun ló bí mi, Múfú. Ó lè dá mi kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó ń dúró dè mí."